Òdòdó Abẹ́ Fèrèsé Màámi

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá wọn, apá òsì ló gbé lọ. Ẹsẹ̀ òsì kọ iṣẹ́, ọwọ́ òsì rọ sórí ẹní, ẹnu sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dun Onídìrí jù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ pa, tó kó ẹrù padà sílé bàbá wọn láti wá tọ́jú rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé ìyá náà kò mọ̀ mọ́ pé ayé ní apá òsì rárá. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, ìdajì àwo tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń jẹ, yóò wá máa wojú ẹni bíi pé ebi ṣì ń pa òun, nígbà tí ìdajì kejì wà níwájú rẹ̀ gbalaja. Bí ènìyàn bá dúró lápá òsì tó kí i, yóò gbọ́ ohùn, yóò sì máa wá ẹni náà kiri lápá ọ̀tún títí yóò fi sú u.

"Màámi, èmi rèé. Ẹ yíjú síbí."

Màámi á máa wo ògiri.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wá láti ilé ìwòsàn láti bá a na apá àti ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Onídìrí ló sọ ọ́ ní Ẹ-Nà-Án, torí pé kò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì kó má fi "ẹ nà án" kún un. Lọ́jọ́ kan, Ẹ-Nà-Án pe Onídìrí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí kọ́ ni ìṣòro wa," ó ní. "Ọrùn ni. Ẹ wá nǹkan tí yóò máa fa ojú màmá sí òsì. Kó má jẹ́ ohun tó dúró gbagidi o, ohun tó ń rìn ni. Bí wọn ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ibẹ̀, ká nà án títí ayé, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn ní ẹsẹ̀ níbẹ̀."

Onídìrí gbìyànjú. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n sí òsì. Màámi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ògiri ọ̀tún ló ń wò. Ó so aṣọ aláràbarà mọ́ fèrèsé kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ. Màámi sùn lọ. Onídìrí dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń ju apá sókè sódò, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi yọjú tó bi í pé, "Ṣé ẹ̀fọn ló pọ̀ tó báyìí?" Bó bá fi máa di ọ̀sán, inú á ti bí i débi pé á lọ sílé ìdáná, á máa fọ àwo tó ti mọ́. Ta ni ì bá bínú sí? A kì í bínú sí aláìsàn.

Àfi ọjọ́ tí labalábá kan ṣìnà wọlé. Ó tóbi, ó dúdú, àmì àwọ̀ ìyeyè sì wà tótòtó lára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà lápá ọ̀tún ló gbà wọlé, ó fò kọjá lórí ibùsùn, ó kọrí sí fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara rẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì. Onídìrí mú ife omi dání. Ó rí i tí ojú ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ojú lọ, ó lọ, ó dé ibi tí kò lè lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí irin rẹ̀ ti dípẹtà, títí Màámi fi kọjú sí òsì pátápátá. Onídìrí gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí labalábá rí ọ̀nà jáde, ọrùn padà síbi tó ti wá.

Ọjọ́ náà ló pinnu pé òun yóò gbin òdòdó sábẹ́ fèrèsé yẹn.

Ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ó ra èyí tó rẹwà jù. Ìtànná wọn pupa, wọ́n ṣù mọ́ra bí orí aṣọ tí wọ́n ká jọ. Àwọn ará àdúgbò ń dúró wò wọ́n. Labalábá kò wò wọ́n. Wọ́n ń fò kọjá lórí wọn bí ẹni tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ahun. Onídìrí padà lọ bá olódòdó.

"Ẹ̀yin ò sọ pé labalábá lẹ fẹ́," ọkùnrin náà dáhùn. "Ojú lásán làwọn wọ̀nyẹn wà fún. Kò sí oyin nínú wọn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi tà á fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ nawọ́ sí i."

Ó fún un ní tannáposó. Tannáposó hù, ó gbilẹ̀, ó yọ pupa, ó yọ ìyeyè lórí ẹ̀ka kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ló fi ń sùn. Ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí labalábá ti wábi forí pa mọ́ sí, nígbà náà ló ń la ojú. Onídìrí dúró tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wo bó ṣe ń là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá gbogbo nǹkan ilé yìí ló ti pinnu láti máa yí ẹ̀yìn sí òun.

Níkẹyìn, ó fi olódòdó sílẹ̀, ó lọ tẹ̀ lé labalábá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì kan tó ti kógbá sílé, ó bá wọn, ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ, lórí igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn: ẹ̀wọ̀n-agogo, tí ìtànná rẹ̀ wẹ́wẹ́ ń pupa létí tó sì ń pọ́n bí ìyeyè láàárín, àti ewéko mìíràn tí ìtànná rẹ̀ gùn bí ìrù alángbá, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Ó gé ẹ̀ka wọn wálé, ó rì wọ́n sábẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gún ẹ̀wọ̀n fa ọwọ́ rẹ̀ ya, ọwọ́ tó fi ń di irun ènìyàn láìjẹ́ kó dùn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọwọ́ náà. "Labalábá tó dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fà ya," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Wẹ́dà ni gbogbo èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n náà, torí iṣẹ́ irin jíjó tó ṣe kí iná rẹ̀ tó ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ. Ohun tó kù tó ń ṣe ni ọsàn. Igi ọsàn kan wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé tí bàbá wọn gbìn kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì. Kò sí ọsàn tó dùn tó o ládùúgbò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rà. Wẹ́dà ń gé ojú ẹ̀ka rẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọmọ ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń fi ọ̀rá dì í, kí irú ọsàn bàbá wọn má bàa pa run. Púpọ̀ nínú wọn kú. Àwọn tó yè, ó tò wọ́n sínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàárọ̀, irú ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí Onídìrí kò gbọ́ kó bá ènìyàn sọ rí.

Ẹ̀wọ̀n-agogo mú. Aláwọ̀ aró náà mú. Kò pẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán ni labalábá dé, àwọn wẹ́wẹ́ funfun, àwọn aláwọ̀ ilẹ̀, àti àwọn ńlá dúdú yẹn, tí kì í jókòó dáadáa, tí wọ́n máa ń gbọn apá bí wọ́n ṣe ń mu oyin. Onídìrí ti ibùsùn sún mọ́ fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ojú Màámi lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn bá ojú lọ. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti ṣí fèrèsé, Màámi á ti máa yíjú kó tó rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ-Nà-Án rí i, ó sì gbàgbé láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni Wẹ́dà pe Onídìrí láti ẹ̀yìnkùlé.

"Wá wo nǹkan tó ò ń pè wá sílé."

Ó yí ewé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọsàn inú ọ̀rá padà. Onídìrí rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Ìgbẹ́ ẹyẹ náà rìn. Lórí ewé kejì, èyí tó ti dàgbà wà níbẹ̀, ó rí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ó tutù bí ewé. Bí Wẹ́dà ṣe fi igi kàn án, ó yọ ìwo pupa méjì, òórùn burúkú sì gba afẹ́fẹ́. Ìdajì ewé igi náà ti lọ.

"Àwọn dúdú yẹn ló ń yé e," Wẹ́dà ní. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ti ń jẹun, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń bímọ."

"Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣà wọ́n kúrò."

"O ó ṣà á títí ìgbà wo? Ewé mélòó lo fẹ́ máa yí wò?"

"Bọ̀dá mi, ẹ rí bí Màámi ṣe ń yíjú. Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n tí ọsàn yìí bá kú, kò sí òmíràn. Bàbá wa ò ní jí dìde wá gbin òmíràn."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ìyẹn ló sì mú kó nira. Ká ní òpònú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ì bá tètè mọ bí yóò ṣe bá a jà.

Onídìrí rò pé àwọn ṣì máa jọ sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó lọ ra ọṣẹ tí wọ́n lè pò mọ́ omi fi fọ kòkòrò kúrò lára ewé. Kó tó dé, Wẹ́dà ti gbé ẹ̀rọ apakòkòrò kọ́ ẹ̀yìn, ó ti fín gbogbo ọsàn rẹ̀, atẹ́gùn sì ti gbé oògùn náà lọ síbi tó wù ú. Nígbà tí Onídìrí wọ yàrá, àwọn labalábá wà lórí etí fèrèsé, àwọn kan ti kú, àwọn kan ṣì ń yí lórí ìyẹ́ wọn. Màámi kọjú sí wọn. Ó ń wò wọ́n láìṣẹ́jú. Onídìrí gbá wọn sínú páńda tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, ó gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wẹ́dà wo inú páńda náà pẹ́. "Mi ò fín ọ̀dọ̀ rẹ," ó ní. "Atẹ́gùn ni." Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń kí ara wọn bí ayálégbé.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ Wẹ́dà obìnrin bímọ nílùú mìíràn, Wẹ́dà sì fẹ́ lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kọ ẹ̀yìn sí àbúrò rẹ̀.

"Máa bu omi sí ọsàn mi. Ìyẹn nìkan. Má fọwọ́ kàn án."

Onídìrí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń ro nǹkan kan. Bí labalábá kò bá lè bà lórí ewé, kò ní lè yé ẹyin síbẹ̀. Bí kò bá sì yé ẹyin, kí ni wọn yóò tún máa fín oògùn sí? Ó ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ó gé e, ó fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, ó bò ó mọ́ gbogbo ọmọ ọsàn inú ọ̀rá náà láti òkè dé ilẹ̀, ó fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà dára lójú rẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Ó ń rò ó bí ẹ̀gbọ́n òun yóò ṣe dé tí yóò bá ewé tútù yọ̀yọ̀, tí yóò sì ní láti sọ pé, "Àbúrò mi, o ṣeun." Láti orí nẹ́ẹ̀tì ló ti ń da omi sí wọn, kò ṣí i, torí kó má bàa sí àlàfo.

Ohun tí kò rí ni àwọn ẹyin wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́ tó ti wà lábẹ́ ewé kó tó bò wọ́n. Tẹ́lẹ̀, ẹyẹ máa ń ṣa kòkòrò jẹ lórí ọsàn, agbọ́n sì máa ń gbé wọn lọ. Ní báyìí, ẹyẹ kò lè wọlé, agbọ́n kò lè wọlé. Onídìrí ti kọ́ ilé fún kòkòrò, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó sì ń bu omi fún oúnjẹ wọn lójoojúmọ́.

Wẹ́dà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ gbà.

"Ta ló fi aṣọ ìyàwó bo ọsàn mi?" Onídìrí gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. Ìlú tó lọ ti tù ú lára.

Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú un jáde. Wẹ́dà ti ká nẹ́ẹ̀tì sókè. Igi tí kò ní ewé ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, wọ́n dúró ṣánṣán bí igi ìgbálẹ̀, kòkòrò tútù tó sanra sì ń rìn lórí wọn, wọ́n ń wá ewé tó kù.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "mo rò pé..."

Wẹ́dà kọjá lára rẹ̀. Ó mú àdá. Ó lọ sábẹ́ fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ẹ̀wọ̀n-agogo wó, aláwọ̀ aró wó, tannáposó tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni wó pẹ̀lú. Onídìrí sáré dúró síwájú ohun tó kù, ohun tó kù kò sì pọ̀.

"Láti ọjọ́ tí Màámi ti ṣubú, ẹ ò tíì fi ṣíbí kan ṣoṣo sí i lẹ́nu rí," ó ní. "Igi lẹ ń bọ́. Igi lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Níbo lo wà? Orí ta lò ń dì?"

"Mo fi gbogbo nǹkan tí mo ní sílẹ̀ wá síbí."

"Ta ló rán ọ? Kó o tó dé, ilé yìí ní ọsàn."

Àwọn ará ilé kejì ti ń yọjú lórí ọgbà. Onídìrí ń pariwo, Wẹ́dà ń pariwo, àdá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti gbàgbé pé òun mú un dání. Ohùn kan ti inú fèrèsé jáde. Ó lọ́, ó sì wúwo, bí ohùn ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ariwo."

Àwọn méjèèjì yíjú sí fèrèsé. Lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, Màámi ti yíjú sí òsì, ó tẹjú mọ́ wọn, ojú ìyá tó bá ọmọ méjì tó ń jà lórí ẹran.

"Ariwo yín," ó tún wí. "Ó pọ̀."

Láti ìgbà tó ti ṣubú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó já gaara nìyẹn. Ó yẹ kí inú Onídìrí dùn. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò tíì lọ. Wọ́n wọlé. Wẹ́dà, tó jẹ́ pé ọ̀tún ló máa ń dúró sí torí ó rọrùn, gba òsì lọ lónìí láìrò ó. Màámi rí i. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn Wẹ́dà, ibi tí òdòdó máa ń wà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó dá, ó nà án síbẹ̀, ó sì wo ọmọ rẹ̀ padà, bí ẹni tó ń béèrè. Wẹ́dà jáde. Lọ́jọ́ yẹn kò jẹun.

Nígbà tí Ẹ-Nà-Án dé, ó dúró lápá òsì, ó ní kí màmá kí òun. Màámi yíjú, ó kí i. Ó gbé àwo síwájú rẹ̀, Màámi kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àwo náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Àwọn òdòdó yẹn ti ṣiṣẹ́ wọn." Ó yọjú wo ìta. "Kí ló ṣe wọ́n?"

Onídìrí wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àrùn ló mú wọn," Wẹ́dà dáhùn.

Onídìrí kò tú u fó. Kì í ṣe nítorí pé ó ti dárí jì í. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, igi ọsàn bàbá wọn tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rà gbẹ tán. Wẹ́dà kó gbogbo ọ̀rá ọsàn rẹ̀, ó fi bárò gbé wọn lọ sínú ọgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ kápẹ́ńtà ní òpin òpópónà. Àwọn kan gbẹ tán, àwọn kan tún ewé yọ. Ẹ̀wọ̀n-agogo náà tún hù láti ìdí, torí irú igbó bẹ́ẹ̀, àdá kì í pa á. Labalábá padà dé, àwọn funfun wẹ́wẹ́ àti àwọn aláwọ̀ ilẹ̀. Onídìrí ń retí àwọn dúdú ńlá, àwọn tí Màámi fẹ́ràn jù. Wọn kò wá. Ó pẹ́ kó tó yé e, ọjọ́ tó sì yé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ọsàn ló ń mú wọn wá sílé. Ọsàn ti lọ, àwọn náà ti lọ. Ohun tó fi gbogbo ẹnu jà fún, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá jà ló wà.

Ó gbé ìtìjú tà, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọgbà kápẹ́ńtà náà.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọsàn kan padà wá. Ọ̀kan péré."

"Kí kòkòrò wá jẹ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wẹ́dà wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti dà rú. "Ọsàn bàbá wa? Ó tì."

Kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó padà sílé, ó bá Màámi jókòó, ó ń di irun orí rẹ̀ tó ti fúyẹ́, ó ń já irun náà nígbà míì láìmọ̀, Màámi sì ń ní, "Rọra."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí fèrèsé, ó bá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti là níbẹ̀, ọmọ ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Wọn kò lẹ ojú ọsàn bàbá wọn mọ́ ọn. Wẹ́dà ń gbálẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ìyẹn wà fún jíjẹ," ó ní. "Tí mo bá rí kòkòrò kan tó kọjá sí òpin òpópónà, èmi àti ìwọ ni."

Àwọn dúdú ńlá padà wá. Màámi ti ń jókòó sórí àga nísinsìnyí, ó ti ń jẹ àwo rẹ̀ tán, ó sì ti ń ráhùn pé oúnjẹ kò tó. Àwọn àlejò tó bá wá kí i máa ń dúró lábẹ́ fèrèsé, wọn á máa yin òdòdó, wọn á ní ta ló ní irú ọgbọ́n yìí. Onídìrí á wà ní ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú ọṣẹ, á sì máa gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "A kàn wò ó pé ó yẹ ká gbin nǹkan kan fún màmá wa ni." Á gbé àwo tó ti mọ́, á tún un fọ̀.